Máínọ́ọ̀sì 27 lóru òní, ẹṣin mi sì wà níta

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Calgary:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má tíì sùn. Wọ́n ní yóò di máínọ́ọ̀sì 27 lóru òní. Abo ẹṣin tí mo rà lóṣù karùn-ún wà níta gbangba, ó dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé ohun tí wọ́n ní kó rà. Yìnyín ti bo ẹ̀yìn rẹ̀, kò yọ́. Irun ẹnu rẹ̀ ti funfun bí irùngbọ̀n àgbàlagbà. Ahéré wà níbẹ̀ fún un, kò wọ̀ ọ́. Mo ra kúbùsù ẹṣin kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, oní-gíráàmù 400, èyí tó nípọn dáadáa, ó ṣì wà nínú ọ̀rá. Ṣé kí n fi wọ̀ ọ́ ni àbí kí n má fi wọ̀ ọ́? Ìyàwó mi ní kí n mú un wọ gáréèjì. Kò fi ṣeré o.

Ọmọ Mesiọ̀gọ̀, Manchester:
Gáréèjì kẹ̀? Kí mọ́tò wá sùn níta? Ìwọ náà yáa wá ibi tí wàá sùn sí.

Ìyá Ìbejì, Winnipeg:
Àbúrò, mí kanlẹ̀. Yìnyín tí kò yọ́ lẹ́yìn ẹṣin, ìròyìn ayọ̀ ni. Ooru ara rẹ̀ wà lára rẹ̀, kò jáde. Tó bá ń yọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rin gbindin bí aṣọ tí wọn ò fún, ìgbà yẹn ni kó o pariwo. Ṣé ó ń gbọ̀n? Ti ìka bọ inú irun rẹ̀ títí kan awọ, ṣé ó gbẹ nídìí? Àmọ́ kúbùsù kọ́ ni mo fẹ́ béèrè. Omi ńkọ́?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Calgary:
Kò gbọ̀n, mọ́mì. Ìdí irun rẹ̀ gbẹ, ó tiẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi ti dì láti àná. Mo rí i tó ń lá yìnyín, mo ní ó ti bá ara rẹ̀ wá a.

Ìyá Ìbejì, Winnipeg:
Háà. Gbé kẹ́tùlù kaná kó o tó ka èyí tó kù.

Wíńtà mi kìn-ín-ní, bí èmi náà ṣe rò nìyẹn. Mo ní ẹranko ò gọ̀, bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, yóò lá yìnyín. Ní ọjọ́ kẹta, ẹṣin mi dùbúlẹ̀, ó dìde, ó tún dùbúlẹ̀, ó ń yíjú wo ìhà ara rẹ̀. Imí rẹ̀ kéré, ó le bí ẹ̀kùrọ́. Koríko gbígbẹ ló ń jẹ lọ́sàn-án lóru, kò sí omi tí yóò tì í lọ, ó wá dí sínú ìfun. Dókítà ẹran dé láago méjì òru, ó ti rọ́bà gba imú rẹ̀ wọ ikùn, ó ń rọ omi àti òróró sí i. Dọ́là 1,400. Ọdún yẹn ni mi ò lọ sílé fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n màmá mi. Títí dòní, wọn ò mọ̀ nílé pé ẹṣin ló jẹ owó ọkọ̀ òfuurufú náà.

Ẹṣin tó tó tìẹ ń fẹ́ lítà 25 sí 40 lóòjọ́, mélòó ni yìnyín tó lè lá? Gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ fún un, kì í ṣe gbígbóná. Bu iyọ̀ ìkúnwọ́ kékeré sí oúnjẹ rẹ̀ lọ́la kí òùngbẹ lè gbẹ ẹ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Calgary:
Kẹ́tùlù ti wà lórí iná. Mọ́mì, ẹ ṣé. Ọkàn mi ń lù kìkì.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Saskatoon:
Lọ́la, lọ ra hítà inú omi. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, hítà náà fojú mi rí nǹkan. Mo gbé e sínú àgbá, omi ò dì, inú mi dùn, mo ń yan kiri. Ẹṣin méjèèjì á rìn débẹ̀, wọ́n á na ọrùn, wọ́n á tún fà sẹ́yìn. Mo rò pé wọ́n ń ṣàkọ ni. Ọjọ́ kẹrin ni ọkùnrin tó ń já koríko fún wa tó sọ pé kí n pe oníná. Iná ń jò díẹ̀díẹ̀ sínú omi, ó ń ta wọ́n lẹ́nu. Ká ní kì í ṣe ọkùnrin yẹn, òùngbẹ ni ì bá pa wọ́n nídìí omi. Jẹ́ kí oníná bá ẹ so ó mọ́lẹ̀ dáadáa.

Bàbá Rúkà, Leeds:
Ọmọ náà béèrè kúbùsù, ẹ ń sọ omi. Ẹ jẹ́ n sọ temi.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ní ẹṣin níbí, láti oṣù kẹwàá ni gbogbo ẹṣin pápá wa ti wọ kúbùsù, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ aró, bí ẹni wọ aṣọ ẹbí. Tèmi nìkan ló wà níhòòhò. Ojú tì mí, mo ra tèmi ní póún 110, mo fi wọ̀ ọ́, mo dè é pa. Bí mo bá tibi iṣẹ́ dé, ilẹ̀ ti ṣú láago mẹ́rin ààbọ̀. Màá da koríko sílẹ̀, màá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, màá gbá a pẹ́pẹ́ lórí kúbùsù, ó dàárọ̀. Nígbà tí mo bọ́ kúbùsù yẹn lóṣù kejì, ẹ̀yin èèyàn mi, mo ka egungun ìhà rẹ̀ ní oókan-oókan. Èjìká rẹ̀ bó. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún. Láti ọjọ́ náà, kúbùsù ò tún dé ọ̀dọ̀ mi. Àbúrò, dá a padà fún ẹni tó tà á.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Saskatoon:
Alhaji, ẹ má bínú, kúbùsù kọ́ ló jẹ ẹ́. Kúbùsù ò lẹ́nu. Ọwọ́ yín ni kò wọ abẹ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin.

Bàbá Rúkà, Leeds:
Ìwọ ọmọ yìí. Ṣé o mọ iṣẹ́ tí irun ẹṣin ń ṣe? Bí òtútù bá dé, irun á dìde, afẹ́fẹ́ á há sáàárín rẹ̀, ibẹ̀ ni ooru ń sá sí. O wá gbé ẹrù lé e, irun tẹ́ pẹrẹsẹ. O bọ́ ẹ̀wù tí Ọlọ́run rán, o fi èyí tí ẹ̀rọ rán rọ́pò.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Saskatoon:
Fún ẹṣin tí irun rẹ̀ pé, mo gbà. Èyí tí wọ́n fá irun rẹ̀ nítorí iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀kan nínú tèmi ti pé ọdún 26, eyín ẹ̀ ti jẹ tán, ṣé kí n máa wòye pé Ọlọ́run yóò wọ̀ ọ́ láṣọ? Leeds yín gan-an, òjò ni. Irun tó bá ti rin kò lè dìde mọ́. Ẹṣin tó dúró sínú òjò àti atẹ́gùn ní ìwọ̀n 4 ń jìyà ju ti ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó wà nínú máínọ́ọ̀sì 15 tó gbẹ.

Bàbá Rúkà, Leeds:
Ta ló bú Leeds níbí?

Ọmọ Mesiọ̀gọ̀, Manchester:
Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú u díẹ̀ sí i, Alhaji.

Ìyá Ìbejì, Winnipeg:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Ẹ̀bi kúbùsù kọ́, ẹ̀bi Alhaji nìkan náà kọ́. Irun ìgbà òtútù máa ń purọ́. Tèmi ò wọ nǹkan kan lọ́dún kan, ó rí bọ̀ǹbọ̀ bí àgùntàn iléyá lójú, ìgbà tí mo tẹ ọwọ́ mọ́ ọn ni mo kan egungun. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi ìka wá ìhà rẹ̀. Ojú ò tó o.

Alhaji, àti koríko. Pápá yín kò lágbára mọ́ láti oṣù kẹwàá, ẹ sì ń da ìwọ̀n ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sílẹ̀. Koríko ló ń jó bí igi ìdáná nínú ikùn ẹṣin, ìfun ńlá ẹ̀yìn yẹn ló fi ń yá ara. Kì í ṣe ọkà. Àbúrò, da ìdì kan kún un lóru òní.

Ọmọ Balógun, Houston:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo wọ̀ tí mo fi fọ ẹṣin mi lónìí. Ẹ̀yin ará Kánádà, ta ló lé yín débẹ̀?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Saskatoon:
Oṣù kejì 2021.

Ọmọ Balógun, Houston:
Àǹtí, ẹ ò ṣe ṣe báyìí? A ti jọ gbà pé a ò ní dárúkọ ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Winnipeg:
Sọ ọ́ kí àwọn ọmọdé gbọ́.

Ọmọ Balógun, Houston:
Òtútù bo Texas, ọjọ́ mẹ́ta láìsí iná. Páìpù bẹ́ nínú òrùlé, omi ń ya lu àga. Inú kòtò ìlúwẹ̀ẹ́ àdúgbò ni mo ti ń fi korobá pọn omi fún ẹṣin, èmi tí mo sọ fún gbogbo ayé pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ korobá. Irun ẹṣin mi kúrú bí ti ológbò, kò mọ ohun tó ń jẹ́ òtútù. Mo yọ kúbùsù orí bẹ́ẹ̀dì tí màmá mi fi ránṣẹ́, mo fi okùn ìsáṣọ dè é mọ́ ọn. Àbúrò, mi ò mọ̀ bóyá ó dáa, ṣùgbọ́n ẹṣin náà ṣì wà láyé.

Bàbá Rúkà, Leeds:
Ohun tó ń dùn mí nínú wíńtà ni ẹrẹ̀. Ẹ̀yin tiyín ń dì, ẹ ń rìn lórí rẹ̀ bí títì. Tiwa dà bí ọkà tí kò jinná. Ẹsẹ̀ ẹṣin á bó, á ṣe ẹ̀ẹ́pá, pátákò á máa rùn. Mo ti fi bàtà kan sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ rí, mo fi ẹsẹ̀ kan rìn dé mọ́tò.

Ìyá Ìbejì, Winnipeg:
Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn wíńtà ju bí mo ṣe ń sọ lọ. Eṣinṣin ti kú, ẹ̀fọn ti kú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹṣin ò sinmi, ó ń fi ìrù na ara rẹ̀ látàárọ̀. Ọjọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ bá rọ̀, àgbà ẹṣin tí kò sáré látọdún á na ìrù sókè, á máa ta ìpá káàkiri pápá. Èmi náà á dúró tì í, ọwọ́ mi á bó, oòrùn á wọ̀ láago mẹ́rin ààbọ̀, ma ní ọdún yìí ló kẹ́yìn, ma tà á. Ó di ọdún kẹsàn-án.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Saskatoon:
Ìgbà tí ọ̀dá mú koríko wọ́n ní 2021, mo kọ ìkéde títà ẹṣin mi. Mo pa á rẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Calgary:
Mo ti padà wọlé. Ó mu odidi korobá kan, ó tún mu ìlàjì ìkejì! Bí mo ṣe gbé e síwájú rẹ̀ ló ki imú bọ̀ ọ́. Mo da koríko kún un. Wọ́n ní Chinook, atẹ́gùn lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ibí, ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, yóò di ìwọ̀n 6, nígbà tó bá sì tún dì padà, gbogbo àgbàlá á di díńgí.

Ìyá Ìbejì, Winnipeg:
Tọ́jú eérú. Fọ́n ọn sójú ọ̀nà omi. Tí bàtà irin bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, yìnyín á di bọ́ọ̀lù sábẹ́ rẹ̀, ó máa dà bí ẹni wọ bàtà gogoro. Pe alágbẹ̀dẹ kó bọ́ ọ.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Calgary:
Màmá mi pè mí ní fídíò nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ẹṣin. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo rà á àbí wọ́n ní kó o máa ṣọ́ ọ?"

Ọmọ Mesiọ̀gọ̀, Manchester:
Màmá gbọ́n.

Ọmọ Balógun, Houston:
Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí ẹṣin bá wọ Ojúde Ọba, tó ń jó sí ìlù, tí ìbọn ń dún, tí kò bẹ̀rù. Ẹ̀yin ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀ yìnyín.

Bàbá Rúkà, Leeds:
Ẹṣin tí Ìjẹ̀bú ń gùn, níbo ló ti wá? Àríwá, ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ní Ìlọrin, a kì í dúró de ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ká tó mọ ibi tí ìjánu wà.

Ọmọ Mesiọ̀gọ̀, Manchester:
Alhaji, ẹṣin Ìlọrin mélòó ló padà sílé láti ogun Òṣogbo tí Ìbàdàn ti ṣẹ́gun yín ní 1840?

Bàbá Rúkà, Leeds:
Ọmọ Ìbàdàn ń sọ̀rọ̀ ẹṣin. Táksì Micra ni ẹṣin yín.

Ọmọ Mesiọ̀gọ̀, Manchester:
Omi rẹ̀ kì í dì, kì í jẹ koríko.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Saskatoon:
Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ jí. Òtútù òwúrọ̀ ọyẹ́ ni mo ń rántí báyìí, ìyẹn tí ètè ń là, tí bàbá wa á dá iná sẹ́yìnkùlé, tí a ó na ọwọ́ sí i. A ní òtútù nìyẹn o.

Bàbá Rúkà, Leeds:
Òórùn gàárì tí wọ́n sá sóòrùn ló ń ṣe èmi.

Ọmọ Balógun, Houston:
Gàárì àbí gàrí? Torí ẹnì kan ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ààyè kílò mẹ́rin ṣẹ́kù nínú àpótí ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Winnipeg:
Kílò méjì ti di tèmi.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Saskatoon:
Ẹ fi kílò kan sílẹ̀ fún mi. Mo ní kúlíkúlí tí mo fi pa mọ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Calgary:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Kúbùsù yìí ńkọ́? Ìyàwó mi ti yọ ọ́ nínú ọ̀rá.

Bàbá Rúkà, Leeds:
Dá a padà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Saskatoon:
Má dá a padà. Chinook lè mú kí yìnyín yọ́ sí i lára.