Wọ́n ti fa omi sí ọmọ mi lára l'Ógbómọ̀ṣọ́, ẹ gbà mí o!

Ìyá Àdùkẹ́, Leeds: Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó bá jí kó dá mi lóhùn. Àdùkẹ́, ọmọ oṣù 10, tó wà lọ́dọ̀ màámi, ń bì, ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru láti ìjẹta. Wọ́n ti dá a dúró sí ọsibítù. Màámi ní eyín ló ń hù. Àbí omi kànga ni? Ṣé kí wọ́n máa gbé e lọ Ìbàdàn?

Bàbá Ìbejì, Houston: Eyín wo? Eyín kì í gbé ọmọ dé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Rotavirus, kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọdé, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ṣé wọ́n kán àjẹsára tiẹ̀ sí i lẹ́nu kó tó kúrò ní Leeds?

Ìyá Àdùkẹ́: Wọ́n kán an, ọ̀sẹ̀ 8 àti ọ̀sẹ̀ 12.

Àlàkẹ́, Dublin: Ó ṣì lè mú un, kì í kàn sábà le tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ni. Nílé, 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í kún àjẹsára. Ẹ bi wọ́n: ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ náà? Ṣé ó ń tọ̀? Tó bá ń sunkún, ṣé omi ń bọ́ lójú ẹ̀? Ṣé ojú ẹ̀ ti jìn wọnú? Omi tó ti tán lára ọmọ ni dókítà ń wò. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà, ìgbẹ́ ọ̀rìn nìyẹn, kòkòrò Shigella ló sábà máa ń fà á, ìyẹn ló ń fẹ́ oògùn apakòkòrò.

Ìyá Àdùkẹ́: Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó tọ̀ láàárọ̀ yìí. Àmọ́ màámi ti lo oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró fún un, èyí tí mo kó sí báàgì wọn.

Ọmọ Ajílété, Manchester: Yéè! Oògùn àgbàlagbà? Mo fún àkọ́bí mi rí. Ìgbẹ́ dúró, ikùn wú bí ìlù. Owó tí mo san ní ọsibítù aládàáni lẹ́yìn náà, ẹ má bi mí.

Bàbá Ìbejì: Kí ẹnikẹ́ni má bá màmá wí o. Ẹni tó kó o sí báàgì ńkọ́?

Àlàkẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ọmọ ẹ̀ ló wà lórí omi yẹn. Lójú tèmi, omi tí wọ́n ń fi du ọmọ kí ìgbẹ́ lè gbẹ ló burú jù.

Bàbá Ìbejì: Rárá, oògùn yẹn ló burú jù. Ìfun ò ní ṣiṣẹ́ mọ́!

Ọmọ Àkẹ̀sán, Birmingham: Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ìjà lẹ mọ̀. L'Ọ́yọ̀ọ́, gbogbo ìyá ló mọ bí wọ́n ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́: lítà 1 omi tí wọ́n sè tó ti tutù, ṣíbí kékeré 6 ṣúgà, ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀. Ajíṣebí Ọ̀yọ́ là á rí…

Ọmọ Ajílété: Igbá ọnà lẹ fi wọn lítà ọ̀hún?

Àlàkẹ́: 😂 Ṣíbí tó tẹ́jú o, kò gbọdọ̀ ga. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu. Tí wọ́n bá rí ORS onípáálí, iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n pọ̀ fún pípò mọ́ omi, kí wọ́n fi ìyẹn ṣe é. Oògùn zinc 20 mg lójúmọ́, ọjọ́ 10 sí 14. Kó sì máa jẹun lọ.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ ṣeun gan-an. Ti Ìbàdàn ńkọ́?

Bàbá Ìbejì: Ọmọ tó ń bì, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ yẹn?

Ọmọ Àkẹ̀sán: Kí ló ṣe ọ̀nà Ọ̀yọ́?

Ọmọ Ajílété: Ẹ jẹ́ á gbàgbé ọ̀nà. Níbi tí wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan ni mo ń rò. Láfún tí wọ́n ń tà ní Manchester yìí, iyanrìn ni. Ta ló ń bọ̀ láti ilé lóṣù tó ń bọ̀?

Àlàkẹ́: Bó o bá rí i, kó mú kílò méjì tèmi dání.