Refractometer dúró sórí 6.2: ṣé ìwúkàrà ti sùn ni?

Apọntí Mọ́kọlá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú ọtí pípọn. Mo pọn ọtí ọkà bàbà lítà 20 nílé; ọjà Bódìjà ni mo ti ra ọkà náà, èmi fúnra mi ni mo sì mú un hù tí mo sá a gbẹ. Kí n tó da ìwúkàrà sí i, refractometer (irinṣẹ́ tí a fi ń wo bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú omi) fi 12 Brix hàn, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù ṣúgà 12 nínú 100. Ní ọjọ́ keje ó ti wálẹ̀ dé 6.2, ó sì di ọjọ́ mẹ́ta báyìí tí kò kúrò níbẹ̀. Bí mo bá ṣírò 6.2 yìí bí mo ṣe ṣírò ti àkọ́kọ́, ìwúwo nǹkan bí 1.024 ni mo ń rí (omi lásán jẹ́ 1.000), bí ẹni pé ìdajì ṣúgà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti rọ ọ́ sínú ìgò, kí ìgò má baà bú gbàmù lóru. Ṣé kí n da ìwúkàrà mìíràn sí i?

Ọmọ Ẹlẹ́ṣẹ̀kẹ̀tẹ́
Ẹ má tíì da nǹkan kan sí i. Irinṣẹ́ yín kò bàjẹ́. Refractometer kì í wọn ìwúwo rárá: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ bí ó ti ń gba inú omi kọjá ni ó ń wò, omi àti ṣúgà nìkan ni wọ́n sì fi ṣe àmì ara rẹ̀. Kí ìwúkàrà tó wọ̀ ọ́, omi ọkà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí omi ṣúgà. Lẹ́yìn tí ó bá ti hó, alcohol ti dé, alcohol sì máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ju omi lọ, nítorí náà apá kan nínú ohun tí ẹ ń kà sí ṣúgà kì í ṣe ṣúgà.

Ẹ fi 1.04, iye tí àwọn apọntí fi ń ṣàtúnṣe ohun tí refractometer bá kà nínú omi ọkà, pín 12, ẹ ó rí 11.5, èyí tí ó jẹ́ 1.046. Ìṣírò tí ó ń lo iye àkọ́kọ́ àti iye ìkẹyìn pọ̀ fún mi ní 1.012, èyí tí ó fi alcohol sí nǹkan bí ìdá 4.5 nínú 100. Ìṣírò náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ó bá béèrè iye kan ṣoṣo lọ́wọ́ yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Àgbà Mọ́níyà
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọtí ọkà bálì ni wọ́n ti rí 1.04 yẹn, ti ọkà bàbà yín lè yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ fi hydrometer (irinṣẹ́ tí ó ń léfòó nínú omi láti wọn ìwúwo rẹ̀) wọn omi ọkà náà pẹ̀lú kí ìwúkàrà tó wọ̀ ọ́, kí ẹ fi èyí mọ iye tiyín.

Ọkà bàbà tún máa ń rú bí omi ògì, ìlà tí ó yẹ kí ó mú láàárín búlúù àti funfun nínú refractometer á sì máa rí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó tòrò nínú ife, ẹ kán ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta láti òkè sórí gíláàsì refractometer, ẹ dé e, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ooru rẹ̀ bá ti gíláàsì dọ́gba, kí ẹ tó kọjú sí fèrèsé. Ẹ kọ́kọ́ fi omi distilled tí wọ́n ń tà fún bátìrì ọkọ̀ wò ó bóyá odo ni yóò kà (omi ni mo wí o, kì í ṣe ásíìdì).

Fún ìparí iṣẹ́, hydrometer ni mo fọkàn tán. Ẹ gbọn afẹ́fẹ́ inú ọtí náà dànù, nítorí afẹ́fẹ́ náà máa ń gbé hydrometer sókè. Bí ó bá jẹ́ pé 20 dígírì ni wọ́n fi ṣe tiyín, tí yàrá yín sì wà ní 30, ẹ fi 0.002 tàbí 0.003 kún ohun tí ẹ bá kà.

Apọntí Mọ́kọlá
Mo yá hydrometer lánàá. Ó ka 1.010 nínú yàrá tí ó wà ní 30 dígírì, pẹ̀lú àfikún yẹn ó di 1.012. Mo tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí, kò yẹ̀. Mo ń fọ ìgò lọ́wọ́ báyìí. Ife tí mo fi wọ̀n ọ́n kò ṣeé dà padà, nítorí náà mo mu ún. Ó korò díẹ̀.