Ta ni wọ́n ti lé lẹ́nu iṣẹ́ kí probation rẹ̀, àkókò tí wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò, tó parí? Ẹ wá sọ tiyín

Abẹ̀kẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà mi. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kó pé, HR pè mí, ó ní iṣẹ́ mi ò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Mi ò tíì jókòó tó fi ní kí n bọ́ káàdì ọrùn mi sílẹ̀. Ta ni wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún rí?

Bàbá Ìbejì: Wọ́n láṣẹ. Ìdí tó fi ń jẹ́ probation nìyẹn.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ilé búrẹ́dì ni tèmi, n'Íbàdàn. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta, mo lo mọ́kànlá. Ìgbàkígbà tí mo bá béèrè lẹ́tà tó máa sọ pé mo ti di òṣìṣẹ́ wọn pátápátá, ọ̀gá á ní ó ń bọ̀. Wọ́n tiẹ̀ fowó kún owó oṣù mi. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ tá a fi ń po fúláwà dákẹ́, wọ́n ní ṣebí mo ṣì wà lórí probation, kí n máa lọ. Ọwọ́ mi ṣì funfun báláú tí mo fi wọ máíkírà. Dírẹ́bà ní kí n má fara kan àga òun.

Ìyá Ìdẹ̀ra: Oṣù mọ́kànlá! Ẹni tó lóyún lọ́jọ́ tó o wọlé ti bí, ọmọ ẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.

Adé: Ṣé ìwọ kọ́ lo ba ẹ̀rọ náà jẹ́?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yẹn jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

Ìyá Ìdẹ̀ra: Adé, àbí ìwọ lo ni búrẹ́dì ọ̀hún ni? 😂

Lọ́yà Àdúgbò: Ọmọ Mọ́kọ́lá, ẹjọ́ tìẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o. Tí gbèdéke bá ti kọjá, tí wọ́n ṣì ń lò ẹ́, tí wọ́n ń sanwó, ilé ẹjọ́ lè kà á sí pé wọ́n ti gbà ẹ́ pátápátá. Ẹjọ́ yunifásítì OAU ti 1991 la máa ń tọ́ka sí. National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, ní ẹ̀ka n'Íbàdàn. Abẹ̀kẹ́, tìẹ le díẹ̀. Nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ìpín 11, ẹni tí ò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan péré ló tọ́ sí i. Tó bá ti ju oṣù mẹ́ta, tí ò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan.

Bàbá Ìbejì: Mo ṣáà sọ fún yín.

Adé: Lọ́yà, òfin yẹn ò kan mánájà àtàwọn ọ̀gá ọ́fíìsì. Àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ló wà fún.

Lọ́yà Àdúgbò: Òótọ́ ni. Ohun tó bá wà nínú lẹ́tà tiwọn ni wọ́n á dì mú.

Kúnlé Peckham: Ẹ má rò pé ó dùn ní London níbí o. Ọdún méjì lèèyàn ń lò kó tó lè pẹjọ́ pé wọ́n lé òun láìtọ́. Òfin 2025 ló ní kó di oṣù mẹ́fà láti January 2027. Àmọ́ ti oyún yàtọ̀, kò ní kó o dúró. Ọ̀sẹ̀ kẹfà tó wọṣẹ́ ni wọ́n lé ìyàwó mi, ọjọ́ kẹta tó sọ fún wọn pé òun lóyún. A kọ̀wé sí Acas, àjọ tó ń làjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, iléeṣẹ́ náà yáa sanwó.

Adé: London tún dé.

Ìyá Ìdẹ̀ra: Èló ni wọ́n san, Kúnlé? Sọ ọ́ jàre.

Kúnlé Peckham: A ti fọwọ́ síwèé pé a ò ní sọ. Owó bẹ́ẹ̀dì ọmọ ò wọ́n wa ṣá.

Abẹ̀kẹ́: Ẹ dúró ná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yọ lẹ́tà mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú ewé kejì ní ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì, probation tàbí kò sí probation.

Lọ́yà Àdúgbò: Ya fọ́tò ẹ̀ kíá.