Ṣé GTX 1650 á wọ Dell OptiPlex 7050 tẹ́ẹ́rẹ́ yìí?

Afídíò Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Fídíò ìgbéyàwó ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́ níbí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ọjà Ọba. OptiPlex 7050 ni mò ń lò, èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní SFF, i5-7500 ni ọpọlọ rẹ̀, RAM 16GB. Tí mo bá ti ń fi àwọ̀ sí fídíò nínú DaVinci Resolve tí mo fi ń ṣàtúnṣe fídíò, ńṣe ló máa ń há mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyàwó tí mo yà ní Sátidé tó kọjá ń pè mí láràárọ̀. Ẹnì kan fẹ́ ta GTX 1650, káàdì àwòrán (graphics card) àlòkù, fún mi, ó ní kí n ṣáà kì í bọ inú rẹ̀. Owó tí mo ti ń tù jọ láti oṣù Kejì ni o. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Bọ̀dá Dàpọ̀

Má tíì sanwó. Kí ni wọ́n kọ sára power supply rẹ, àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà?

Afídíò Àkúrẹ́

180W ni mo rí, sà.

Alátùn-únṣe Oǹdó

Àbúrò, má rà á. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe ní Oǹdó, mo sì ti fi owó oníbàárà ṣòfò lórí irú èyí rí, àpò ara mi ni mo ti san án padà. Ayàwòrán ilé ni oníbàárà náà. Káàdì tí mo fi sí i tàn, Windows gbà á, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó wúwo, kọ̀ǹpútà kú lójijì. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo lò nídìí rẹ̀ kí n tó ka bébà tó wà lára power supply.

Ihò PCIe x16, ihò gígùn tí káàdì ń wọ̀ lára bọ́ọ̀dù, kì í fún káàdì ju 75W lọ, àwọn kọ̀ǹpútà kékeré mìíràn ò tiẹ̀ jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. 1650 ń jẹ 75W, i5 rẹ lè jẹ 65W, ó ku díìsìkì, fáànù àti bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. 180W yẹn ò ní rójú mí. Àwọn 1650 kan tún ń fẹ́ wáyà iná ojú mẹ́fà láti ara power supply, tìrẹ kò sì ní in. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó o pààrọ̀ power supply, má dá a lóhùn: ti Dell yìí kì í ṣe ATX tí wọ́n ń tà káàkiri, ojú wáyà rẹ̀ yàtọ̀.

Ti gíga ńkọ́? Irin ẹ̀yìn káàdì tó wọ́pọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, ti káàdì kúkúrú tí SFF ń gbà kò ju 8 lọ. 1650 kúkúrú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sanra, àyè ihò méjì ni wọ́n ń gbà. Ṣí ìdérí, kó o fi rúlà wọn àlàfo láti ihò gígùn yẹn dé ara power supply.

Quadro P1000 tàbí T600 ni kó o wá: ihò kan, kúkúrú, 4GB. 47W ni ti àkọ́kọ́, 40W ni ti èkejì. Mini DisplayPort ni ojú wọn tí wáyà skírínì ń wọ̀, nítorí náà ra wáyà tó ń yí i sí HDMI mọ́ ọn.

Ọmọ FUTA

RX 6400 ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? 53W péré ni.

Alátùn-únṣe Oǹdó

Fún géèmù, kò burú. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀yà tó ń bá èèyàn ṣe fídíò H.264 jáde, GT 1030 náà kò ní in. Fídíò ni àbúrò yìí fi ń jẹun, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti dùn ún.

Afídíò Àkúrẹ́

Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo ti ṣí i, mo wọ̀n ọ́n: kò tó sẹ̀ǹtímítà 3, káàdì tó sanra ò lè wọlé rárá. Mo ti sọ fún oní-1650 pé mi ò rà mọ́. Ẹnì kan ní P1000 lójú ọ̀nà Ọba Adéṣidà, ọ̀la ni màá lọ. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú?

Alátùn-únṣe Oǹdó

Ní kó kì í bọ kọ̀ǹpútà lójú rẹ, kó o ṣí GPU-Z, ètò kékeré tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ káàdì àtijọ́ tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ni, GPU-Z sábà máa ń kọ FAKE síwájú orúkọ náà. Kó GPU-Z sínú flash drive láti ilé, má gbẹ́kẹ̀ lé íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Mú rúlà yẹn dání pẹ̀lú, irin gígùn ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ lára káàdì àlòkù. Béèrè èyí kúkúrú kó o tó kówó sílẹ̀.