Ṣé oògùn ló ń mú màámi gbàgbé nǹkan ni àbí arán?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Kubwa ni mo ń gbé, màámi sì wà lọ́dọ̀ mi látìgbà tí bàbá ti kú, ọmọ ọdún 74 ni wọ́n. Wọn ò jẹun, wọn ò sùn, ẹkún ṣáá, ni dókítà bá kọ amitriptyline 25, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, fún wọn lálaalẹ́. Ká má purọ́, oorun dé, ẹkún sì dínkù. Àmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n á gbé omi kaná wọ́n á gbàgbé ẹ̀, lánàá wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́n ń bi mí pé ṣé bàbá ò tíì dé látoko ni, oko wo ní Kubwa? Àbúrò mi ní kí n da oògùn nù, ìyàwó bọ̀dá wa ní wọ́n ti ń ṣarán nìyẹn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì, Kàdúná: Arán kì í sáré wọlé báyẹn. Ṣé ẹnu wọn ń gbẹ? Ṣé wọ́n ń rí ìgbẹ́ yà?

Olùbéèrè: Háà mà, omi ò kúrò lọ́wọ́ wọn! Ìgbẹ́ ńkọ́, ọjọ́ mẹ́rin lè kọjá.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada: Ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. Oògùn yẹn máa ń dí acetylcholine lọ́nà, òun ni ọpọlọ fi ń rántí nǹkan, òun náà ló ń mú itọ́ wá lẹ́nu tó sì ń jẹ́ kí ìfun ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé Beers wọn pé kí wọ́n yàgò fún un fẹ́ni tó ti pé ọdún 65 sókè. Ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró lójijì o! Dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ṣé wọn ò lo Piriton mọ́ ọn?

Olùbéèrè: Yéè. Látìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ti ń lò ó fún kátá.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada: Iṣẹ́ kan náà ni Piriton ń ṣe. Ẹ sọ fún dókítà.

Bọ̀dá Mararaba: Ẹ gbé wọn lọ sórí òkè, ìyẹn ò jọ ti oògùn.

Ìyá Ìbejì, Kàdúná: Bọ̀dá, àdúrà dáa, ẹ jẹ́ á kọ́kọ́ yanjú Piriton ná 😂

Ọ̀gá Fámásì, Minna: Tí wọ́n bá yí i sí sertraline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì mìíràn, ẹ ṣọ́ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá tí màmá bá ń lo Moduretic fún BP, torí iyọ̀ yẹn lè wálẹ̀, orí á sì tún dàrú bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀.

Olùbéèrè: Moduretic gan-an ni wọ́n ń lò sà! Mo ti kó gbogbo páálí oògùn sínú láílọ́ọ̀nù kan, ọ̀la la máa lọ. Ẹ ṣé gan-an ni. Màámi ń pè mí, wọ́n ní ta ló pa iná omi àwọn.