Ṣé àìní ìyẹ́ nìkan tó láti fi pín kòkòrò?

Tíṣà_SS2:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ kòkòrò. Ìwé àtijọ́ tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ kó springtail (ẹ̀dá kékeré inú ilẹ̀ tó máa ń ta sókè), Diplura (ẹ̀dá kékeré inú ilẹ̀ tó ní ìrù méjì) àti silverfish (kòkòrò aláwọ̀ fàdákà tó ń jẹ ìwé) pọ̀ sábẹ́ Apterygota, ìyẹn àwọn aláìníyẹ́. Ìwé tuntun ní springtail kì í ṣe insect rárá, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní. Èwo ni ká gbà? Báwo la sì ṣe lè kó wọn jáde láti inú ilẹ̀ kí àwọn ọmọ fojú ara wọn rí wọn?

Ìyá_Aláwò:
Ẹ kú làálàá, tíṣà. Ti tuntun ni kí ẹ gbà. Torí pé wọn kò ní ìyẹ́ ni wọ́n ṣe kó wọn jọ, ìyẹn ò sì tó ẹ̀rí ìbátan. Iná orí àti ìdun ò ní ìyẹ́, ṣùgbọ́n baba ńlá wọn ní in, ó pòórá lára wọn ni. Ikán òṣìṣẹ́ náà ò ní, ẹ sì wo èsúnsún tó ń fò jáde láti inú ilé kan náà. Ti springtail àti silverfish yàtọ̀: ìran wọn ò ní ìyẹ́ rí.

Ẹnu ni kí ẹ wò. Springtail, Protura (ẹ̀dá inú ilẹ̀ tó kéré gan-an) àti Diplura, inú àpò kan nínú orí ni ohun tí wọ́n fi ń jẹun fara pamọ́ sí. Ti silverfish àti bristletail (ẹ̀dá mìíràn tó jọ silverfish) wà níta gbangba bí ti tata. Àwọn tí tiwọn wà níta là ń pè ní Insecta, ìyẹn insect gan-an. Hexapoda ni orúkọ tó kó gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà pọ̀.

Àrọ_àti_Gílóòbù:
Mo fẹ́ fi kún un, torí ibi tó dùn jù nìyí. Silverfish àti bristletail jọra, ìrù mẹ́ta mẹ́ta, ìpẹ́ lára, ṣùgbọ́n oríkèé kan péré ló so eyín bristletail mọ́ orí. Méjì ló so ti silverfish, gẹ́gẹ́ bí ti aáyán àti lámilámi. Nítorí náà silverfish súnmọ́ lámilámi ju bó ṣe súnmọ́ bristletail lọ! Láìsí microscope, ẹ wo ojú: ti bristletail tóbi, wọ́n pàdé lórí, ti silverfish kéré, wọ́n jìnnà síra.

Ikùn springtail ní ìpín mẹ́fà péré. Ọ̀pá ẹlẹ́ka méjì kan ká sábẹ́ rẹ̀. Tó bá tú u sílẹ̀, á gbá ilẹ̀, á sì sọ ọ́ sókè. Protura ò ní ojú, kò ní ìwo (antenna). Ẹsẹ̀ iwájú ló ń gbé sókè fi tọ́ ọ̀nà. Kò tó mìlímítà 2, abájọ tó fi di 1907 kí Filippo Silvestri tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Ítálì.

Láti kó wọn: ẹ fi nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ tó mìlímítà 2 sínú àrọ, kí ẹ da ewé jíjẹrà tó tutù sí i, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5. Ẹ jẹ́ kí eruku tó fẹ́ já bọ́ já tán kí ẹ tó gbé ìgò ethanol 70% sábẹ́. Ẹ gbé gílóòbù wáàtì 25 sókè rẹ̀ fún ọjọ́ 3 sí 5. LED ò dáa, torí kò gbóná. Ooru àti gbígbẹ ló ń lé wọn sísàlẹ̀. Bí iná bá sì súnmọ́ jù, ewé á gbẹ lójijì, wọn á kú sókè kí wọ́n tó rìn dé ìsàlẹ̀. Èyí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

Tíṣà_SS2:
Ẹ ṣeun gan-an. Tí kò bá sí iná ńkọ́? Ṣé silverfish náà á bọ́ sínú àrọ?

Ìyá_Aláwò:
Ẹ da ilẹ̀ sínú ọpọ́n omi, kí ẹ rò ó pẹ̀lẹ́. Omi kì í rin awọ springtail, orí omi ló máa léfòó sí. Ti silverfish, ẹ wá a nínú àpótí ìwé àtijọ́. Ẹ lẹ tépù bébà yí ara ìgò ká, kí ẹ fi búrẹ́dì sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e síbẹ̀ mọ́jú: á gun tépù wọlé, gíláàsì tó ń yọ̀ ò sì ní jẹ́ kó lè gun jáde. Ẹ má pa á. Tí ẹ bá ń sìn ín, awọ tó bọ́ sílẹ̀ á máa pọ̀ sí i, torí silverfish kì í ṣíwọ́ bíbọ́ awọ kódà lẹ́yìn tó ti dàgbà.