Ṣé lóòótọ́ ni pé Rachel Oniga, òṣèré fíìmù yẹn, kì í ṣe ọmọ Yorùbá? Ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ rántí nípa màmá yìí

Àdùkẹ́ Agége

Ẹ kú àsìkò yìí o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo tún wo fíìmù A Naija Christmas lálẹ́ àná, èyí tí Kúnlé Afọláyan ṣe, ibi tí Rachel Oniga ti ń sọ fáwọn ọmọkùnrin ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ìyàwó wálé nínú wọn lòun máa fún nílé òun. Mo ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀gbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú mi, torí mo rántí pé oṣù Kejìlá 2021 ni fíìmù yẹn jáde, oṣù Keje ọdún yẹn ni màmá ti lọ. Àwa ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ Ọlọ́run kó fún wọn lọ́mọ-ọmọ, wọn ò sí láyé mọ́.

Ọkọ mi wá ní ṣé mo mọ̀ pé obìnrin yẹn kì í ṣe Yorùbá rárá. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣé Yorùbá tí wọ́n ń sọ yẹn náà? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí i, kẹ́ ẹ sì sọ èyí tẹ́ ẹ̀ lè gbàgbé nínú fíìmù wọn fún mi, mo fẹ́ wá díẹ̀ wò ní wíkẹ́ńdì.

Bọ̀dá Wálé Ọ̀yìngbò

Ọkọ yín jàre sisí. Urhobo ni wọ́n, Eku ní ìpínlẹ̀ Delta ni ìlú wọn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta níbí ni wọ́n bí wọn sí, 23 oṣù Karùn-ún 1957. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta dáadáa ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, ọmọ tó bá dàgbà níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn, àti Urhobo, àti Íbò, àti Hausa, kò sí bó ṣe máa ṣe é tí Yorùbá ò ní wọ̀ ọ́ lára, ọ̀rọ̀ pé wọ́n kọ́ ọ ò tiẹ̀ sí níbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí tiwọn yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń há ọ̀rọ̀ sórí wọ fíìmù ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni Yorùbá wọn. Ẹ wo pòṣé wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń fa "ẹ̀n-ẹ́n" yẹn gùn kí wọ́n tó dá èèyàn lóhùn, bí wọ́n ṣe máa pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ tí wọ́n á wá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnì kan ò lè kọ ìyẹn sínú ìwé fún yín kẹ́ ẹ lọ há a sórí, ọ̀dọ̀ àwọn màmá àdúgbò lèèyàn ti ń rí i.

Fíìmù Yorùbá tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni Owó Blow ti Tádé Ògìdán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìyẹn. Ògògó wà níbẹ̀, Fẹ́mi Adébáyọ̀ ṣì kéré gan-an nígbà yẹn, Bímbọ̀ Akíntọ́lá wà níbẹ̀, Ìyá Àwẹ̀ró wà níbẹ̀, Sam Loco Efe náà tí òun náà kì í ṣe Yorùbá wà níbẹ̀.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́

Èmi ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa wọn ni ọjọ́ orí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. 1993 ni wọ́n ṣe fíìmù àkọ́kọ́, Onome lorúkọ ẹ̀, wọ́n ti lé ní márùndínlógójì nígbà yẹn, wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti bímọ mẹ́ta, ìgbéyàwó sì ti tú ká. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ara wa, obìnrin tó bá wà nírú ipò yẹn nílẹ̀ wa, ohun tí àwọn èèyàn máa sọ fún un ni pé kó lọ jókòó tọ́mọ. Màmá yìí lọ dúró níwájú kámẹ́rà, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí wọn nínú tẹlifíṣọ̀n ni inú mi máa ń dùn lọ́nà tí mi ò lè ṣàlàyé.

Démọ́lá_T

Mo gba gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, àmọ́ ó máa ń dùn mí pé àwọn tó ń kọ ìtàn ò fún wọn ní ju ipa ìyá lọ. Ìyá ìyàwó, ìyá ọkọ, ìyá olówó. Òṣèré tó mọṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ti kọ ìtàn tó jẹ́ pé wọn ni ọ̀gá inú ẹ̀.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́

@Démọ́lá_T òótọ́ lẹ sọ nípa àwọn tó ń kọ ìtàn, ibẹ̀ dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo àwọn ìyá yẹn ná, wọn ò jọra o. Ẹ mú ìyá inú A Naija Christmas tí sisí yìí ń sọ, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ṣe nínú Chief Daddy ní 2018, ẹ máa rí i pé èèyàn méjì ni. Wọ́n mọ bí ìyá tó ń fi owó pàṣẹ ṣe ń jókòó, wọ́n sì mọ bí ìyá tí ọ̀rọ̀ ọmọ ti sú ṣe ń jókòó, ó ní bí èjìká á ṣe wálẹ̀ tí gèlè á wúwo lórí. Àwọn òṣèré kan wà tó jẹ́ pé ìyá kan náà ni wọ́n máa ṣe láti fíìmù kìíní dé ìkọgọ́rùn-ún, aṣọ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Màmá Oniga kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ikú wọn fi rí lára mi bí ìgbà téèyàn sọ ọ̀pọ̀ èèyàn nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Akin Ṣómólú

Ẹ jọ̀ọ́, kí n fi èyí kún un torí mo ṣì ń rí i káàkiri títí dòní, wọ́n ní Kòrónà ló pa wọ́n. Kì í ṣe Kòrónà o. Ọjọ́ Friday, 30 oṣù Keje 2021 ni wọ́n kú l'Ékòó, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, àbúrò wọn obìnrin jáde wá sọ pé àìsàn ọkàn ni, pé ó ti ń bá wọn fínra ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ máà jẹ́ ká gbé ikú tí kì í ṣe tiwọn kọ́ wọn lọ́rùn.

Ọdún 2021 yẹn sì burú fún àwọn òṣèré wa. Òrìṣàbùnmi lọ ní oṣù Kìíní, Sadiq Daba lọ ní oṣù Kẹta, Victor Ọláòtán lọ ní oṣù Kẹjọ, èyí tí ò tíì pé oṣù kan sí ti màmá yìí, Bàbá Ṣùwé wá lọ ní oṣù Kọkànlá. Ó dé ibì kan tí ẹ̀rù ń bà mí láti ṣí fóònù láàárọ̀.

Oghene_Warri

Urhobo lèmi, Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, nítorí náà mo láṣẹ láti dá sí i. Nílé wa tí màmá yìí bá ti jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, bàbá mi máa pariwo pé "ọmọ wa ni o!" Àwọn ará ilé kejì náà máa dáhùn pé ọmọ tàwọn náà ni. Kò sẹ́ni tó ń bínú. Ní tèmi o, àwọn méjèèjì ló jàre, màmá ń ṣe fíìmù Yorùbá, wọ́n ń ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò sì fi ibi tí wọ́n ti wá pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àdùkẹ́ Agége

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ mi ti ka gbogbo ẹ̀. Bọ̀dá Wálé, Owó Blow la máa fi bẹ̀rẹ̀. Ta ló ní èyí tí àwòrán ẹ̀ mọ́ dáadáa? Gbogbo èyí tí mo rí ló ṣókùnkùn, ohùn ẹ̀ sì ń já.

Bọ̀dá Wálé Ọ̀yìngbò

Kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, èyí tí mo rà ní Ìdúmọ̀tà nígbà yẹn, páálí ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Ẹnì kan wà ní Sùúrùlérè tó ń bá wọn kó o sínú fláàṣì, mo máa gbé e lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.